Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yóò Máa Sùn

Ọjọ́ tí dókítà sọ pé ara ẹ̀gbọ́n mi ti mókun tó láti kúrò ní ọsibítù, kò sí ẹni tó yọ̀ nílé wa. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀gúsí lórí atẹ nígbà tí mo mú ìròyìn náà ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí lójú, ó ní, "Wọ́n fẹ́ tú u sílẹ̀?" Bí ẹni tó ń béèrè ẹlẹ́wọ̀n ló ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé èyí tó ti ṣà àti èyí tí kò tíì ṣà ló ń dà pọ̀ sójú kan.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tó wà ní agbo ilé bàbá wa ní Ọ̀yọ́ ti jáde. Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn kan ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àáké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò bàbá wa wà nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́. Igbe tí obìnrin náà ké lọ́jọ́ yẹn kò kúrò létí àwọn ará ilé wa.

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé àdúrà kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìtì igi, wọ́n sì ń ti yàrá náà láti ìta. Ẹ̀ẹ̀rùn bá a níbẹ̀, òjò bá a níbẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, èmi ni mo sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Wọn kì í jẹ́ kí n wọlé. Ojú fèrèsé ni mo ti ń na abọ́ sí i. Nígbà tí mo gbọ́ pé dókítà kan ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bẹ ọkọ mi, ó bá mi lọ, a sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Oògùn àti abẹ́rẹ́ mú kí ohùn tó ń gbọ́ rọlẹ̀. Ó sanra díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Tíṣà, bó ṣe máa ń fi mí ṣeré láti ìgbà tí mo ti wọ iléèwé àwọn olùkọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń mójú tó o, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo, síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn ní wọ́ọ̀dù. Òun ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Níbo ni yóò máa sùn?"

Mo ní, "Ilé bàbá wa ni, mà."

"Ṣé o ti bi wọ́n?"

N kò tíì bi wọ́n. Nígbà tí mo bi wọ́n, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ilé pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní, "Ọmọ wa ni, a kò kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé yìí kò ní lè sùn. Bó bá wọlé, àwọn ni yóò jáde. Ẹ mú un lọ sóko, a ó kọ́ àhéré fún un."

Mo yíjú sí ìyá mi pé kó sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ń ba òun náà.

Mo padà lọ jíṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. "Ta ni yóò máa gún un lábẹ́rẹ́ lóko lóṣooṣù?" ó ní. "Gbọ́, àwa kan wà. A ò pọ̀. Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, Alfa kan tó ń ta aṣọ wà níbẹ̀, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. A máa ń bá àwọn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù san owó ilé, àwọn tí ilé wọn kò gbà wọ́n mọ́. A kì í san gbogbo rẹ̀. Ẹbí á san díẹ̀, àwa á san ìyókù, títí ẹni náà á fi lè dá a san. Mo ti rí i pé abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ń sùn lábẹ́ ìsọ̀."

N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo mọ àwọn tó ń fi owó lé alágbe lọ́wọ́, mo mọ àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tí yóò gba yàrá fún ẹni tí orí rẹ̀ dà rú rí, èyí yà mí lẹ́nu. Mo dúpẹ́ títí, nọ́ọ̀sì ní kí n fi ọpẹ́ náà pamọ́, nítorí yàrá kò tíì sí.

Òótọ́ ló sọ. Sátidé ni a máa ń wá a kiri àdúgbò Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí a má dárúkọ àìsàn. Mo ní kí a ṣáà sọ pé káfíńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́ ni, irọ́ kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí. "Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, a ti tàn wọ́n jẹ nìyẹn, wọ́n á sì da ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́, tí a sì ń gbọ́ èsì. Ní Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, bàbá kan ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ kí nọ́ọ̀sì tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò agbádá, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àbúrò òun ń ti Òkè Ọya bọ̀. Obìnrin kan nítòsí Tákíè ní òun ìbá gbà, kí ni òun ó wá sọ fún àwọn ayálégbé òun? Ẹnì kan béèrè bóyá ó máa ń ràn. Ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ti fẹ́ fi ẹlòmíràn sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi, ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì ń bẹ dókítà pé kó fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń jáde nínú ilé kan tí wọ́n ti lé wa bí ajá, mo rò ó lọ́kàn mi pé kí n lọ sọ fún àbúrò bàbá wa kó kọ́ àhéré náà.

Ẹni tó gbà wá ni Alájà kan, opó tó ti fi ọjà sílẹ̀. Ilé rẹ̀ ní yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn là á láàárín. Èyí tó ṣófo ló kángun sí ẹ̀yìnkùlé, nítòsí ṣáláńgá, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Nọ́ọ̀sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti àáké. Alájà ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ títí tó fi parí. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó máa ń kí èèyàn?"

A kò lóye rẹ̀.

"Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣé ó máa ń kí èèyàn?"

Mo ní, "Ó máa ń kí èèyàn dáadáa, mà."

"Ẹni tó bá lè kí mi láàárọ̀, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn, mo lè bá irú wọn gbélé. Ọjọ́ tí kò bá kí mi mọ́, màá ránṣẹ́ sí ọ. Bí mo bá ránṣẹ́, ìwọ gan-an ni kó o wá. Má rán ẹnikẹ́ni."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dé yàrá yẹn nìyí. Kí ó tó tẹ́ ẹní, ó ti gun òkè àjà lọ wo ibi tó ń jò. Ó tún fèrèsé ṣe, ó kan àpótí ìjókòó kékeré kan fún Alájà láti máa fi ṣàlùwàlá. Láàárọ̀, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Alájà. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Alájà á dáhùn, á béèrè ara rẹ̀, á béèrè oorun rẹ̀, òun náà á sì dúró títí ìkíni náà á fi tán.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Kò bú ẹ̀gbọ́n mi rí. Ó kàn máa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé ni bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọ mọ́tò ní Òwódé ní Ọ̀yọ́ lọ wò ó. Bí mo bá dé iwájú ilé, màá kọ́kọ́ dúró tẹ́tí sílẹ̀ kí n tó wọlé. Ohùn òòlù tàbí ti ayùn ni mo fẹ́ gbọ́. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá mí.

Òun náà mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti lò ó, Tíṣà. Ṣé kí n lanu?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ká sọ pé ó lanu lóòótọ́, ǹ bá wò ó.

Àsìkò yẹn ni SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ń jà, tí nǹkan tó wà lórí igbá láàárọ̀ kì í sí níbẹ̀ mọ́ lálẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà di ohun àwátì. Nọ́ọ̀sì ní kí a ní sùúrù, wọ́n ti ránṣẹ́. Oṣù kan kọjá kò gbà á, òmíràn tún wọlé. Hóró oògùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán an sí méjì kó lè pẹ́. Kò sọ ìyẹn fún ẹnì kankan.

Mo wà níwájú pátákó ìkọ̀wé nígbà tí awakọ̀ kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ó kí mi, ó ní, "Tíṣà, Alájà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n yín kò kí òun mọ́."

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo jáde sí títì. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti dúró. Alájà ti sọ pé bí òun bá ránṣẹ́, kí n wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ lọ́wọ́ òfo, kí ni mo fẹ́ ṣe fún un? Kí n jókòó kí n máa wò ó ni? Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ dé, mo jẹ́ kó kọjá. Mo bọ́ sí òdìkejì títì, mo wọ ti Ìbàdàn.

Mo rìn Ìbàdàn lọ́jọ́ náà títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi bó. Bí mo bá na páálí òfìfo abẹ́rẹ́ tó gbà kẹ́yìn, tó ti wà nínú báàgì mi, sí wọn ní ilé oògùn, wọ́n á mi orí, wọ́n á júwe ibòmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá kan tó ti ń palẹ̀ mọ́ wo páálí náà pẹ́, ó wọlé sẹ́yìn, ó sì mú abẹ́rẹ́ náà jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ilẹ̀ ti ṣú, mọ́tò kò sí mọ́, ilé ìbátan ọkọ mi ni mo sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo ti rí èrò níwájú ilé náà kí n tó dé ibẹ̀. N kò gbọ́ òòlù, n kò gbọ́ ayùn. Mo gba àárín wọn kọjá. Ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ gbalaja. Ó ti yọ ọ́ kúrò lára férémù. Àwọn ìṣó rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alájà jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Akọ̀wé kánsù dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin kan tí okùn wà lọ́wọ́ wọn.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀," akọ̀wé náà ní. "Ẹ wo ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ sá lọ sílé àna mi. Àwọn wọ̀nyí wá láti ilé àdúrà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀."

Alájà ní, "Mo ti sọ fún ọ. Kò sẹ́ni tó máa fi okùn wọ́ èèyàn jáde nínú ilé tí mo wà."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò kí yín mọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀." Ó gbójú sókè wò mí. "Àná ni mo ti ń retí rẹ."

"Ẹ má bínú, mà. Ìbàdàn ni mo gbà lọ. Mo ti rí abẹ́rẹ́ náà."

Ó rán ẹnì kan sí nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, ó sì sún àpótí rẹ̀ díẹ̀ kí n lè kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn lé ògiri, òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Irùngbọ̀n ti bo ẹnu rẹ̀. Kò wo ojú mi, ẹ̀yìn mi ló ń wò. Mo mọ̀ ọ́n, inú abọ́ kan náà ni a ti jọ ń jẹun láti kékeré, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

"Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Alájà ni."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Mo fẹ́ purọ́, ẹnu mi kọ̀. "Àwọn kan ni, wọ́n mú okùn dání. Alájà ò jẹ́ kí wọ́n wọlé."

"Wọ́n fẹ́ tì mí mọ́lé."

"Kò sí ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti yọ ọ́."

Ó wo ojú ọ̀nà náà pẹ́. "Mo yọ ọ́ kí wọ́n má baà rí nǹkan tì," ó ní.

Gbogbo àwọn tó wà níta rò pé ohun tó fi àáké ṣe ní Ọ̀yọ́ ló tún fẹ́ fi òòlù ṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe rí ilẹ̀kùn nílẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ yìí ni mo tó rántí ojú fèrèsé ilé àdúrà tí mo ti ń na abọ́ sí i. N kò sún mọ́ ọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà. Níta, mò ń gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń sọ pé kí àwọn ti ẹ̀yìn wọlé gba ojú fèrèsé, tí akọ̀wé ń sọ pé kí wọ́n dúró ná. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń gbọ́ ọ. Bí ọ̀kan bá ti gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á le mọ́ òòlù.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, kò sáré. Ó kí Alájà, ó kí àwọn ọkùnrin náà, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bọ́ síwájú ilé. Wọn kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá dúró sí ojú ọ̀nà.

"Káfíńtà, abẹ́rẹ́ rẹ ti dé. N kò ní gún ọ bí o kò bá gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí mo bá gbà, ṣé ẹ máa dá ilẹ̀kùn padà?"

Ilé kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Ó yíjú wo Alájà.

Alájà ní, "Jẹ́ kó wà níbi tó wà. Màá fún ọ ní kọ́tìnnì."

Ẹ̀gbọ́n mi na òòlù náà sí mi, ó kọ ẹ̀yìn sí nọ́ọ̀sì, ó sì di ògiri mú. Mo gbé òòlù náà lé itan, n kò sì mọ̀ pé mò ń sunkún àfi ìgbà tí omi kán sí ọwọ́ mi.

Akọ̀wé kánsù kó lọ kí oṣù náà tó parí. N kò bínú sí i, ọmọ ló ní. Nínú àwọn tó ń dáwó ilé, nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àwọn kan ní kí wọ́n dáwọ́ tirẹ̀ dúró, nítorí ó ti dẹ́rù ba ará ilé. Alfa tó ń ta aṣọ ló bi wọ́n pé, "Ṣé ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá nìkan la ní a ó máa san án?" Wọ́n ń san owó náà lọ.

Ìkíni kò tètè padà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Alájà á jí, á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́tìnnì kò ní mira. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo dé, ó kàn sọ fún mi bí ẹni tó ń sọ iye tí ata wọ́n dé lọ́jà pé, "Ó kí mi lánàá." Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí òtútù ń wọ yàrá, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn náà padà. Inú nìkan ló kan ìkọ́ sí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tì í láti ìta. Ìyá wa wá kí i lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ Alájà ló jókòó sí, ibẹ̀ ló ti jẹ iṣu tí ẹ̀gbọ́n mi sè. Kò wọ yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò bi í ní ìdí rẹ̀, ó sìn ín dé ibùdókọ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, obìnrin aránṣọ kan fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù, kò sì rí ibi lọ. Nọ́ọ̀sì wá bá ẹ̀gbọ́n mi ní ibi iṣẹ́, ó ní kó bá òun dé ilé onílé kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo bá wọn lọ. Bàbá onílé gbọ́ tẹnu nọ́ọ̀sì, ó ní irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, ta ló ti bá wọn gbélé rí tí kò kábàámọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, "Bàbá, èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ lè bi Alájà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn."

Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní kò sí yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, a jáde, nọ́ọ̀sì sì kọjá sí ilé tó kọjú sí i, ó ń kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ kí àwa méjèèjì tó sọdá títì.